Mi Ò Fẹ́ Àkùkọ

Àbámẹ́ta, 5 oṣù Keje, 2025

Òjò láti ìdájí. Aṣọ tí mo sá ní Ọjọ́rú ṣì tutù.

Gbèmí, ọmọ ọkọ mi, pé oṣù kan lọ́dọ̀ wa ní Madina lónìí, mo sì lè ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti bá mi sọ: ẹ káàárọ̀, ẹ ṣé, rárá, ó ti tó. Kì í ṣe aláìgbọràn. Bí mo bá ní kó gbá yàrá, á gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Àlejò tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Serwaa, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé, pè láti Kumasi lọ́sàn-án. Òyìnbó ni èmi àti Serwaa fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ó sì máa ń mú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó ní ìyá àwọn ló tọ́ ọmọ náà fún ọdún mẹ́sàn-án ní Darkuman, ìyá àwọn ti lọ, òun ò sì bá bàbá rẹ̀ jà pé ó mú ọmọ rẹ̀ wálé. "Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, Morónfólú. Inú ọmọ yìí ò dùn. Màá wá ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ. Mo ti bá ilé-ìwé kan sọ̀rọ̀ níbí. Tí mo bá bá a báyìí, màá mú un lọ."

Nígbà tí Ṣèyí ọkọ mi pè láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Takoradi, mo rò ó fún un. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, ọmọ á mọ́ra. Ó rọrùn láti sọ láti Takoradi.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, mo gbọ́ tí Gbèmí ń sọ fún Démiládé àbúrò rẹ̀ nípa àwọn adìyẹ ìyá àgbà, tí wọ́n tà lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, ojú rẹ̀ sì là. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: "Ṣé ká ra tiwa?"

Ó gbójú sókè. "Ánńtì, true?"

Mo ní òótọ́ ni. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí Balógun.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Keje

Ẹ̀yìn káńtà ni mo ti ń kọ èyí. Òjò ti lé gbogbo àwọn tó fẹ́ ra oògùn wọlé wọn.

Kí ènìyàn tó ra adìyẹ, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo àwọn tó wà nílé. Balógun, ajá Ṣèyí, ti darúgbó, ṣùgbọ́n ohun tó bá sáré níwájú rẹ̀, àfi kó lé e. Ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́, kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kẹ́ńkè ni ológbò funfun tí Gbèmí gbé nínú apẹ̀rẹ̀ wá láti Darkuman. Láti ìgbà tó ti dé, mi ò rí alángbá lára ògiri wa mọ́. Ohun tó bá tóbi jù ú lọ nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún. Démiládé, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló wá léwu jù nínú gbogbo wọn. Ohun tí ọmọ mi bá fẹ́ràn, á fún un mọ́ àyà títí onítọ̀hún á fi ranjú.

Nítorí náà, adìyẹ tí kì í sáré, tó tóbi ju ológbò lọ, tó sì gbà kí wọ́n dì mọ́ òun. Mo lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún Abdul-Rahim, tó ń ta adìyẹ nítòsí Zongo Junction. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Alata Madam, fowl wey no dey run? That one dey fridge inside."

Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àgò mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó di ìgbà tí mo délé.

Ẹtì, 11 oṣù Keje

Òjò. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbèmí bi mí bóyá mo ti rí adìyẹ. Òun ló kọ́kọ́ la ẹnu! Mi ò bi í ní ohunkóhun kó tó bi mí.

Àìkú, 13 oṣù Keje

Abdul-Rahim yá wa ní adìyẹ ìbílẹ̀ kan pé ká fi dán ilé wò. Pupa ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì ń wo gbogbo wa bí ẹni tí a jí ẹrù rẹ̀ kó. A tú u sílẹ̀ nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Démiládé pariwo ayọ̀, adìyẹ sá, Balógun já okùn, Kẹ́ńkè fò sórí fèrèsé, adìyẹ gba orí ògiri bọ́ sínú ọgbà Bàbá Adéníyì, aládùúgbò wa tí kì í fi oorun ọ̀sán Àìkú ṣeré. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e padà wá, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Local akokɔ," Gbèmí ní, "wọ́n gbọ́n jù fún ilé yìí." Ó sọ ọ́ bí àgbàlagbà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 16 oṣù Keje

Òjò dá, ọpẹ́. Tòmátì ti tún gbówó lórí.

Èmi àti Gbèmí jókòó ti fóònù mi fún wákàtí méjì gbáko lálẹ́ yìí, èjìká kan èjìká, ó ń kọ orúkọ àwọn adìyẹ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ tó ti kún. Láyà ló kọ́kọ́ kọ. Mo ní láyà ń yé ẹyin lójoojúmọ́, ó sì níwà pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti lé ní ọdún kan ààbọ̀, ó ti gbó.

"Tó bá gbó ńkọ́?"

Mo ní wọ́n máa ń pa á jẹ. Ó fi bírò fa igi sí i lórí.

Sasso sanra, ó sì tutù, àmọ́ oúnjẹ tó ń jẹ kò ṣeé fẹnu sọ. Buráámà tóbi, ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọmọ ìka, ó ń rìn bí bàbá tó wọ agbádá tí kò fẹ́ kó wọ́lẹ̀. Kì í bẹ̀rù, kì í sì í jà. Sílíkì ní ìyẹ́ bí òwú, kò lè fò, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n gbé òun sórí ẹsẹ̀. Ibi tó kù sí ni pé ó kéré, Kẹ́ńkè sì wà níbẹ̀. Gbèmí ní tó bá wà láàárín Buráámà méjì, Kẹ́ńkè ò ní láyà láti sún mọ́ ọn. Mo wo ọmọ yìí. Ó ti rò ó jinlẹ̀ jù mí lọ.

Buráámà méjì, Sílíkì kan, a ti fẹnu kò. Abdul-Rahim ń pe Buráámà kan ní ọ̀ọ́dúnrún àti àádọ́ta sídì, mo sì mọ̀ pé ojú mi ló wò kó tó pè é.

Lẹ́yìn tí Gbèmí ti sùn, Ṣèyí dábàá lórí fóònù pé ká fi àkùkọ kan mọ́ wọn. Mo ní láéláé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí ní Ìnísà nígbà tí àkùkọ bàbá mi gbá ojúgun mi ya, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní. Ibi tí ojúgun mi wà nígbà náà kò ju ibi tí ojú Démiládé máa ń wà tó bá lóṣòó. Kí n má tíì wá sọ ti oorun Bàbá Adéníyì. Ṣèyí ní òun ti gbọ́.

Àbámẹ́ta, 19 oṣù Keje

Ọjọ́ tó bàjẹ́, mi ò sì mọ ohun tó bà á jẹ́.

Ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi kò wá, ni mo bá fún Gbèmí lówó pé kó lọ mú àwọn adìyẹ náà fúnra rẹ̀, kò jìnnà. Láti òwúrọ̀ ló ti tẹ́ koríko sínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ti lọ tán ni mo rántí ọgbọ́n Abdul-Rahim, ẹni tó lè ti ohun tí kò tà mọ́ ọmọdé lọ́wọ́. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, láàárín ẹni tó ń ra oògùn ibà àti ẹni tó ń ra oògùn ikọ́: "Gbèmí, jọ̀ọ́, sọ fún Abdul-Rahim pé mi ò fẹ́ àkùkọ o. Àkùkọ kankan ò gbọdọ̀ wọ ilé mi."

Mo délé ní aago mẹ́rin. Apẹ̀rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, koríko inú rẹ̀ ṣì tò. Owó náà wà lórí tábìlì, ó pé, ó fi agolo iyọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbèmí wà ní yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Gbèmí, adìyẹ dà?"

"Kò burú, Ánńtì."

Ìdáhùn wo nìyẹn?

Ajé, 21 oṣù Keje

Abdul-Rahim ní ọmọ náà dé, ó ti yan èyí tó fẹ́ tán, ó gbé fóònù sétí, ó kàn yíjú padà. "I call am, call am. She no mind me."

Mo bi Gbèmí lẹ́ẹ̀mẹta, kò burú ló ń wí. A ti padà sí ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣé. Mo bínú. Mo sọ nínú ọkàn mi pé bóyá Kumasi ló dára fún un, kí oníkálukú sinmi. Mo kọ ọ́ síhìn-ín kó lè tì mí lójú tí mo bá kà á lọ́la.

Ọjọ́rú, 23 oṣù Keje

Ó tì mí lójú.

Mo ń gé gbọ̀rọ̀ ní kíṣìnnì, Gbèmí ń fi Twi, èdè ìyá rẹ̀, bá Serwaa sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Twi ọjà ni mo gbọ́, ọdún mẹ́tàlá nídìí káńtà ní Madina kò fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wọlé sí mi létí kedere: "Ɔse ɔmpɛ akokɔ." Ó ní òun ò fẹ́ adìyẹ.

Ta ni kò fẹ́ adìyẹ? Mo dúró ti èmi ti ọ̀bẹ. Akokɔ, adìyẹ ní Twi. Àkùkọ. Mo fa fóònù mi yọ, mo tún ohùn ara mi gbọ́, mo sì gbìyànjú láti fi etí rẹ̀ gbọ́ ọ: mi ò fẹ́ adìyẹ o, adìyẹ kankan ò gbọdọ̀ wọ ilé mi. Èmi tí mo fún un lówó láàárọ̀! Ọmọ yìí rò pé mo fi òun ṣẹ̀sín, ó sì gbà á mọ́ra, ó fi agolo iyọ̀ tẹ owó mi mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pe àkùkọ ní Twi. Mo jáde sí i, mo na ìka sókè lórí bí ogbe, mo fi apá kejì lu ìhà, mo sì kọ: "Kùkúrúkùùù!"

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Gbèmí.

"Eléyìí," mo ní. "Eléyìí ni mi ò fẹ́. Ọkọ wọn! Àwọn ìyàwó ni mo ní kó o rà."

Ó lanu. "Akokɔnini?"

"Bóyá òun ni."

"Ah, Ánńtì! Akokɔnini!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé orí lé ògiri. Mo dì í mú. Mi ò bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Serwaa ṣì wà lórí fóònù nílẹ̀, ó ń pariwo pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn.

Àbámẹ́ta, 26 oṣù Keje

Wọ́n dé! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ, Démiládé wà lẹ́yìn mi. Gbèmí sọ Buráámà méjèèjì ní Ama, orúkọ ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Sátidé, nítorí Sátidé ni a rà wọ́n, Ama Panyin ni èyí tó tóbi, Ama Kakra ni èkejì. Ti Sílíkì, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pe cotton ní Yorùbá. Mo ní òwú. "Òwú," ó wí lẹ́ẹ̀mẹta, títí ohùn rẹ̀ fi bọ́ síbi tó yẹ.

Kápẹ́ńtà ti fi wáyà pín ẹ̀yìnkùlé sí méjì. Adìyẹ lọ́hùn-ún, ajá níhìn-ín, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ojú ara wọn. Abdul-Rahim ní ká máa fún tọ̀tún-tòsì lóúnjẹ ní àkókò kan náà.

Ọjọ́bọ̀, 31 oṣù Keje

Balógun ti imú bọ wáyà láti wo ẹni tó dé. Ama Panyin kò sá. Ó wò ó, ó rò ó, ó sì ṣá a ní imú lẹ́ẹ̀kan péré. Ajá tó ń lé ọ̀kadà sáré wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Láti ìgbà náà, tí Ama bá ń kọjá, ó ń wo ibòmíràn.

Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹjọ

Òtútù oṣù Kẹjọ ti dé, mo ti yọ súwẹ́tà. A ti ṣí wáyà sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Kẹ́ńkè ń sùn lórí òrùlé ilé adìyẹ. Démiládé gbé Òwú mọ́ra fún odindi wákàtí kan lónìí, adìyẹ náà sì di ojú bí ẹni wọ́n ń di irun fún. Ẹyin mẹ́ta láti àárọ̀. Gbèmí sè é, ó bù fún mi kó tó bù fún ara rẹ̀. Ó jókòó tì mí jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ kí ọmọ yìí dúró. Mi ò mọ̀ pé ó ti tó bẹ́ẹ̀.

Ẹtì, 15 oṣù Kẹjọ

Láti àná ni Òwú ti jókòó sínú ìtẹ́ tí kò dìde. Ó ń sàba. Gbèmí kó ẹyin mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù kọ déètì sí wọn lára. "Ọjọ́ mọ́kànlélógún," ó ní. "Nana ló kọ́ mi."

Ìyá àgbà rẹ̀ ní Darkuman ni Nana. Ṣé Nana kò kọ́ ọ ní ìyókù? Kò sí àkùkọ nílé wa, èmi ni mo ní kó má sí. Òbu ni ẹyin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, mo rí bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo pa ẹnu mi dé.

Ajé, 18 oṣù Kẹjọ

Serwaa pè. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà Gbèmí wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ.

"Maa Serwaa ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, 30. Mo ní kó dúró títí Òwú á fi pamọ. Ó gbà. Ó ní tí wọ́n bá ti pamọ, òun á wá mú mi."

Mo ní ó dáa. Mo ń fún aṣọ tí ẹ̀rọ ti fún tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Kẹjọ

Mi ò gbádùn oorun. Tí ẹyin bá di ọmọ, Gbèmí ń lọ. Wọn ò sì ní di ọmọ. Ṣèyí ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kúkú ṣe wá láǹfààní. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ń rí ojú ọmọ náà ní ọjọ́ kọkànlélógún, tó ń dúró ti òbu. Lẹ́ẹ̀kan ni mo ti fún un nírètí adìyẹ tí apẹ̀rẹ̀ sì padà lófìfo. Ìyẹn jẹ́ àṣìṣe. Èyí, mo mọ̀ ọ́n.

Mo bi Abdul-Rahim. Ó ní àwọn máa ń ti òròmọdìyẹ ọjọ́ kan sábẹ́ ìyá tó ń sàba, kì í mọ ìyàtọ̀. Mo ní kó bá mi mú mẹ́fà sílẹ̀ di ọjọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀. Mo sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀ trotro, ẹni tó jókòó tì mí sì fún mi ní tíṣù láìbi mí ní nǹkan kan.

Ẹtì, 5 oṣù Kẹsàn-án

Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́ta. Gbèmí máa ń wà níbi ìdánrawò akọrin títí di aago márùn-ún. Àwọn òròmọdìyẹ wà nínú páálí bàtà tí wọ́n dá ihò sí lára, ariwo wọn sì ju ara wọn lọ. Mo kúnlẹ̀ nídìí ìtẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ Òwú láti kó ẹyin kúrò.

"Ánńtì, kí lẹ ń ṣe?"

Ọ̀gá akọrin kò wá lónìí. Kò sí ohun tí mo lè pa mọ́, mo ṣí páálí. Mo rò pé á fò sókè. Ojú rẹ̀ kàn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ dá wọn padà."

"Gbèmí, gbọ́. Àwọn ẹyin yìí kò lè pamọ. Nítorí pé kò sí…"

"Mo mọ̀." Ó ti ń sunkún. "Ẹyin tí kò ní akokɔnini kì í di ọmọ. Nana sọ fún mi. Mo mọ̀ láti ọjọ́ tí mo kó wọn síbẹ̀. Mi ò lè sọ fún Maa Serwaa pé mi ò fẹ́ wá, á dùn ún. Mo wá ní tí wọ́n bá pamọ. Wọn ò ní pamọ, Ánńtì. Wọn ò ní pamọ láéláé. Please, ẹ dá wọn padà kó tó pè."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú ìgbẹ́ adìyẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kẹ́dùn nítorí ọmọ tó ti dá ọgbọ́n tirẹ̀ láti dúró tì mí.

Fóònù rẹ̀ dún. Serwaa náà lè ka ọjọ́. Gbèmí wo páálí, ó wo fóònù, ó wò mí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdé kò yẹ kó dá gbé irú èyí. Mo kí Serwaa, mo sì wá Twi díẹ̀ tí mo ní jọ:

"Akokɔnini biara nni ha." Kò sí àkùkọ kankan níbí.

Mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá ní Kumasi, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ṣé Gbèmí mọ̀?" ó bi mí, ní òyìnbó.

"Ó ti mọ̀ tipẹ́."

"Ɛnneɛ, ma ɔntena hɔ," Serwaa wí. Kó máa gbé níbẹ̀ nígbà náà. Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀ níbi tó ti wí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lédè Yorùbá, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Gbèmí fi apá aṣọ nu imú. Ó fa páálí náà sún mọ́ra, ó tẹ́tí sí wọn.

"Ṣé ká wá kó wọn sábẹ́ Òwú báyìí?"